Ajá Kan Tó Ń Jẹ́ Kílókànyín

Ọjọ́ tí Imorou kọ́kọ́ rí Raoudath, ajá méjì ló wà láàárín poro tòmátì rẹ̀. Raoudath dúró lẹ́yìn ọgbà, ó ń pè wọ́n, wọn kò sì dá a lóhùn.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣe Iléyá tán nígbà náà. Imorou ń ti odò bọ̀ pẹ̀lú garawa omi lọ́wọ́ méjèèjì. Ó rí ajá pupa kan tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú wú ilẹ̀, ó tún rí dúdú kan tó sùn lé orí àwọn tòmátì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná. Ó gbé garawa kalẹ̀, ó ṣa òkò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ wọ́n lókò," obìnrin náà wí. "Ẹ jẹ́ kí n wọlé wá mú wọn."

"Ta ni ọ́?"

"Raoudath ni mí, ọmọ Bàbá Abdel. Àná ni mo ti Kika dé."

Imorou mọ̀ pé Bàbá Abdel tó múlé ti òun ní ọmọbìnrin kan nílé ọkọ ní Kika, ó sì ti gbọ́ pé ọkọ náà kú. Kò kí i kú àbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò bá a kẹ́dùn. Tòmátì rẹ̀ ló ń wò. Obìnrin náà gba ẹnu ọgbà wọlé, ó di ajá pupa mú lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ihò náà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rì síbí?"

"Tòmátì ni mo gbìn síbẹ̀."

"Ajá kì í wú ilẹ̀ nítorí tòmátì."

 Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìfun àti ẹ̀jẹ̀ àgbò Iléyá ni Imorou rì sí ìdí tòmátì yẹn, nítorí ó gbà pé kò sí ajílẹ̀ tó dára tó o. Ṣùgbọ́n obìnrin tí òun kò mọ̀ rí kọ́ ni yóò wá gbọ́ ìyẹn lẹ́nu òun.

"Ajá tí wọ́n bá kọ́ kì í wọ ọgbà ọlọ́gbà," ló sọ.

"Ẹ kò parọ́. Ẹ má bínú, n óò kọ́ wọn."

Kí ó tó lọ, ó fi ọwọ́ wa ilẹ̀ padà sí ìdí àwọn tòmátì tó ṣẹ́kù, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà kan gbòǹgbò, bí ẹni tó mọ iṣẹ́ ti ń ṣe é. Imorou rí i. Kò fẹ́ rí i, ṣùgbọ́n ó rí i.

Lọ́jọ́ kejì ó wú gbogbo ìfun náà, ó kó o lọ sínú igbó, ó rì í síbẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Sanson, abúlé wọn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tán lọ́kàn Imorou. Nígbà tó wà ní kékeré, mùsé kan, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, nà án nítorí pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ tó sọnù. Imorou kò jí pọ́ǹpù. Ó gbé wàláà rẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà, kò sì padà síbẹ̀ mọ́ títí dòní. Mùsé náà ti fẹ̀yìn tì, ó kọ́ ilé sẹ́bàá ojú irin ní Tchaourou. Bí Imorou bá lọ ta ata ní Tchaourou, ọ̀nà mìíràn ló máa ń gbà kí ó má baà kí i. Ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́, Samira, sọ ọ̀rọ̀ kan sí i nígbà tí wọ́n ń kọ ebè. Imorou bá a yodì títí wọ́n fi wa iṣu. Ọjọ́ tí wọ́n wa iṣu tán ni Samira kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Àwọn kan ń pè é ní olóríkunkun. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti fi ẹ̀sùn èké nà rí ló mọ bí irú ìyà bẹ́ẹ̀ ṣe ń pẹ́ lára tó.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ajá tètè tán bí kò bá sí ti orúkọ. Lágbègbè yìí, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ lójú ẹni máa ń fi í sọ ajá lórúkọ, yóò wá máa pe ajá. Ajá dúdú Raoudath ń jẹ́ Ẹjẹ́nsinmi. Ti pupa ń jẹ́ Kílókànyín. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí Imorou bá ń bomi rin ẹ̀fọ́, yóò gbọ́ ohùn obìnrin náà lẹ́yìn ọgbà.

"Kílókànyín! Wá jẹun. Kílókànyín o!"

Imorou á gbé garawa kalẹ̀. Lójú rẹ̀, òun ni wọ́n ń bá wí. Ó bi Hawaou, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ohun tó rò sí i.

"Ìwọ ni, kí ló tún kù?" Hawaou wí. "Ta tún ló múlé tì í? Obìnrin tó ń tọ́jú ajá nínú ilé mùsùlùmí. Màlékà kankan ò lè wọ ilé yẹn."

Imorou gé ẹ̀gún, ó tò ó yí ọgbà ká. Àwọn ajá gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó ra wáyà. Wọ́n wú ilẹ̀ abẹ́ wáyà. Kò sí nǹkan tí wọ́n ń wá níbẹ̀ mọ́, àṣà ló ti di fún wọn. Raoudath á sáré wá, á bẹ̀ ẹ́, á kó wọn lọ. Ó ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ nínú oko kajú bàbá rẹ̀, ó ń dáná fún arúgbó tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kò lè máa ṣọ́ ajá láti àárọ̀ títí di alẹ́. Imorou mọ gbogbo èyí, kò fi ṣe nǹkan kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ẹjẹ́nsinmi wọ àgbàlá Imorou, ó ti kẹ́tùrù tó fi ń ṣe àlùwàlá ṣubú, ó sì lá omi inú rẹ̀. Imorou bá a níbẹ̀. Ó ní láti fọ kẹ́tùrù náà lẹ́ẹ̀meje, kí ó fi iyẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́, kí ó lọ pọn omi tuntun. Ìgbà tó fi dé mọ́sálásí, wọ́n ti kírun tán, àwọn èèyàn ti ń wọ bàtà.

"Imorou, kí ló dá ọ dúró?" ẹnì kan bi í.

Bàbá Abdel wà níbẹ̀, ó ń fi ọ̀pá wá bàtà rẹ̀. Lójú gbogbo wọn ni Imorou ti gbé ọwọ́ sókè.

"Mo fi Ọlọ́run búra, ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ àgbàlá Bàbá Abdel níwọ̀n ìgbà tí ajá bá ń bẹ níbẹ̀."

Arúgbó náà rí bàtà rẹ̀, ó wọ̀ ọ́. "Ó dára," ló sọ, ó sì lọ sílé.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti so ajá méjèèjì mọ́ ìdí máńgòrò. Nígbà tó sì jẹ́ pé ajá tí wọ́n so kò nílò ká pè é wá jẹun, kò sí ohùn kankan lẹ́yìn ọgbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Imorou bomi rin ẹ̀fọ́ rẹ̀ tán. Ó dúró díẹ̀. Ó tún bomi rin ibi tó ti bomi rin tẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀bọ inú igbó odò fi mọ̀ pé wọ́n ti so ajá. Ṣàṣà ni ẹni tó mọ bí ọ̀bọ ṣe ń jẹ tòmátì. Yóò já ọ̀kan, yóò gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sọ ọ́ nù, yóò já òmíràn. Imorou ti ń gbin ọgbà bọ̀ láti ọdún tó ti pẹ́, kò mọ̀ pé àwọn ọ̀bọ wọ̀nyí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹnu ló fi sọ pé òun kò fẹ́ ajá. Kò lè fi ẹnu yẹn kan náà sọ pé kí wọ́n tú ajá sílẹ̀.

Ó ti Tchaourou dé lọ́jọ́ kan lórí alùpùpù zémíjàn, ó gbọ́ ariwo nínú ọgbà rẹ̀. Raoudath ló bá níbẹ̀. Ó ti fi ìborùn di ìbàdí, ó ń fi igi lu abọ́ irin ńlá kan, ó ń bú àwọn ọ̀bọ.

"Ọ̀lẹ! Ẹ wá gba ọkọ́ kí ẹ roko! Ìdí pupa bí ata, ẹ tún wá ń jí tòmátì!"

Bí ó ti rí Imorou, ó sọ̀kalẹ̀ lórí ebè.

"Ẹ má bínú, mo wọ ọgbà yín láìgba àṣẹ. Ẹ̀yin lẹ búra pé ẹ kò ní dé ọ̀dọ̀ wa, èmi kò búra nǹkan kan."

Imorou fẹ́ dáhùn, ẹ̀rín ló jáde. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Raoudath náà rẹ́rìn-ín, ó fi abọ́ náà bojú.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí ọgbà, Imorou níhìn-ín, Raoudath lọ́hùn-ún. Raoudath máa ń na àgbàdo sísun sí i, Imorou náà á na ẹ̀fọ́ gbọ́mà àti ilá sí i. Ó pẹ́ kí Imorou tó lè bi í léèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Orúkọ ajá yẹn. Ṣé èmi lò ń bá wí?"

Raoudath rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi ọgbà mú. "Ẹ̀yin kẹ̀? Kí n tó mọ̀ yín ni ajá ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ mi ló wà fún. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni wọ́n máa ń bi mí pé oyún dà. Ọkọ mi ló sọ ajá lórúkọ náà, ó ní kí ajá máa dá wọn lóhùn."

"Ẹjẹ́nsinmi ńkọ́?"

"Ìyẹn wà fún ìyá rẹ̀ nìkan."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Raoudath rọ ohùn. "Nígbà tí mo wà nínú opó, ẹ̀gbọ́n, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ní ìbéèrè tó fẹ́ bi mí. Àwọn ajá yìí nìkan ni wọ́n sùn sẹ́nu ọ̀nà tí wọn kò bi mí ní nǹkan kan."

Imorou ki ọwọ́ gba inú wáyà, ó fi ìka kan kan ọwọ́ rẹ̀. Raoudath kò fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Mo rí yín," ó wí. "Lọ́jọ́ tí ẹ ń kó ìfun àgbò lọ sínú igbó. Ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, bí olè. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọkùnrin yìí mọ ìgbà tí ẹ̀bi bá jẹ́ tirẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni kò jẹ́ kó sọ ọ́."

Nígbà tí iṣu tuntun fi jáde, gbogbo Sanson ló ti mọ̀ pé omi tí Imorou ń bù sí ẹ̀bá ọgbà Bàbá Abdel ti pọ̀ ju èyí tí ẹ̀fọ́ lè mu lọ.

"Raoudath," ó wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, "mo fẹ́ràn rẹ. Mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya."

"Èmi náà fẹ́ràn yín. Ẹ wá sọ ọ́ fún bàbá mi nínú ilé."

Imorou wo ìdí máńgòrò níbi tí àwọn ajá dùbúlẹ̀ sí. "Fi wọ́n fún ẹnì kan. Bí wọn kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ìbúra mi tán, n óò wọlé."

Raoudath mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí wáyà.

"Bí mo bá lé wọn jáde lónìí kí ẹ lè wọlé, ọjọ́ wo lẹ máa ní kí èmi náà jáde?"

Ó wọlé lọ. Imorou bínú. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe náà ló ṣe: ó yodì. Ó ń bomi rin ẹ̀fọ́ láàárọ̀ kùtùkùtù kí Raoudath tó jí, kò sì dé ẹ̀bá ọgbà mọ́ nírọ̀lẹ́.

Hawaou ló mú ìròyìn wá. Ó bá a níbi tó jókòó sí, iyán tí kò fọwọ́ kàn wà níwájú rẹ̀.

"Àbúrò ọkọ rẹ̀ wá láti Kika. Bassirou ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun fẹ́ ṣú u lópó. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ní ìyàwó kan, ó ní oko kajú tó tẹ́jú. Ọjọ́ Jímọ̀ ló ń bọ̀ wá gbọ́ èsì."

"Kí ni Bàbá Abdel wí?"

"Àwọn kan bi í pé Imorou ńkọ́. Ó ní ọkùnrin tí kò lè wọ ilé òun, báwo ni yóò ṣe mú ọmọ òun jáde níbẹ̀?" Hawaou wo iyán. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Obìnrin alájá. Kí ló dé tí o ò jẹun?"

"Kò wù mí."

"Bó ṣe ń ṣe ọ́ nìyí nígbà tí Samira ń di ẹrù. O jókòó síbí yìí kan náà, o ò sọ fún un pé kó má lọ."

Imorou wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó dìde, ó fọ ọwọ́, ó lọ bá Alùfáà ní mọ́sálásí.

Alùfáà gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹni tó bá búra, tó wá rí i pé ohun mìíràn dára jù ú lọ, kí ó ṣe èyí tó dára, kí ó sì san kàfárà ìbúra rẹ̀. Tálákà mẹ́wàá ni wàá bọ́, irú oúnjẹ tí o máa ń fi bọ́ ará ilé rẹ."

"N kò ní ará ilé, Alùfáà."

"Imorou, ṣe bí nítorí ìyẹn la ṣe wà níbí."

Hawaou ní òun kò ní gún iyán nítorí ajá. Imorou lọ sí oko, ó wa iṣu tó dára jù nínú ebè rẹ̀, ó fi ọmọlanke tì í dé ẹ̀bá ọgbà. Ó wúkọ́. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó tún wúkọ́. Ajá gbó, Raoudath sì jáde.

"O kú ilé," Imorou wí.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rò pé odi lẹ dà."

"Mo fẹ́ kí o bá mi gún iyán."

"Èmi? Ta ló fẹ́ jẹ gbogbo iṣu yìí?"

"Tálákà mẹ́wàá. Lọ́la, lẹ́yìn Jímọ̀."

Raoudath wo iṣu, ó wo ojú rẹ̀. Ọmọ mùsùlùmí ni, ó mọ ohun tí tálákà mẹ́wàá túmọ̀ sí. Síbẹ̀ ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìbúra wo lẹ fẹ́ tú?"

"O mọ̀ ọ́n."

"N kò mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu Imorou bí iṣu orí ọmọlanke. "Èyí tí mo bú nítorí ajá rẹ. Mi ò fẹ́ kí o lọ sí Kika. Jẹ́ kí ajá wà, kí ìwọ náà wà. Èmi ni n óò wá."

Raoudath ṣí ojú kúrò, ó fi etí ìborùn nu ún. "Ẹ ti iṣu yẹn súnmọ́ ibí," ó wí. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n fò kọjá ọgbà ni?"

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn aláìní jókòó sábẹ́ igi iwájú mọ́sálásí, wọ́n ń jẹ iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ gbọ́mà àti wàrà. Afọ́jú kan tó ń jẹ nínú wọn béèrè ohun tó fa sàráà náà.

"Ajá ni," ẹni tó jókòó tì í dáhùn.

"Kí Ọlọ́run bù kún ajá náà," afọ́jú wí, ó sì tún bu iyán.

Imorou dúró títí wọ́n fi fọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló gba ọ̀nà ilé Bàbá Abdel, nínú agbádá funfun tó fi kírun. Gbogbo àwọn tó wà níwájú mọ́sálásí ló ń wò ó. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá, ó dúró. Kílókànyín gbórí sókè lábẹ́ máńgòrò. Imorou gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó gbé èkejì tẹ̀ lé e.

Bàbá Abdel àti Bassirou jókòó lórí ẹní. Imorou dọ̀bálẹ̀.

"Ta nìyẹn?" arúgbó béèrè, ó ń fún ojú pọ̀.

"Imorou ni, Bàbá."

Arúgbó náà mi orí. "Imorou. Ìwọ tó múlé tì mí. Ṣé ọ̀nà jìn tó báyìí ni?"

"Ó jìn, Bàbá. Ẹ má bínú. Raoudath ni mo wá tọrọ."

"Èmi kọ́ ni wọn yóò fẹ́," Bàbá Abdel wí. "Raoudath, jáde wá. Kika tàbí ẹ̀bá ọgbà?"

Raoudath kúnlẹ̀ síwájú Bassirou, ó kí i dáadáa, ó ní kó kí gbogbo ilé. "Bassirou, inú aṣọ kan náà ni wọ́n ti gé ẹ̀yin àti ọkọ mi, n kò ní gbàgbé yín. Ṣùgbọ́n ibí ni ọkàn mi wà."

Bassirou mu omi tí wọ́n bù fún un, ó ní bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ kí oòrùn tó wọ̀. Èèyàn rere ni. Bí Imorou ti ń wò ó lọ, nǹkan tútù kan kan ọwọ́ rẹ̀. Imú Kílókànyín ni. Wọ́n ti tú u sílẹ̀. Imorou wo agbádá funfun rẹ̀ àti omi ẹnu ajá lára rẹ̀, ó wo Raoudath.

"N óò fọ̀ ọ́," Raoudath wí. "Lẹ́ẹ̀meje."

Wọ́n so yìgì lẹ́yìn ìkórè. Hawaou wá, ó sì jẹun. Imorou kọ́ àtíbàbà kékeré kan fún àwọn ajá sí ìgun ọgbà, níbi tí wọ́n ti lè rí igbó odò. Wọn kì í wọ yàrá, wọn kì í dé ibi kẹ́tùrù, àwọn ọ̀bọ sì padà sí ilé wọn.

Nígbà tí ọ̀yẹ́ dé, Ẹjẹ́nsinmi bímọ. Raoudath gbé ọmọ ajá kan fún ọkọ rẹ̀, funfun pẹ̀lú etí dúdú.

"Olówó orí mi, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yin náà ní ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ sọ fún ayé."

Imorou rò ó fún ọjọ́ púpọ̀. Orúkọ tó sọ ajá náà ni Ọ̀rọ̀tán.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí ẹ bá gba ẹ̀bá odò kọjá, ẹ óò gbọ́ ọ tó ń pe ajá láàárín ẹ̀fọ́: "Ọ̀rọ̀tán! Kúrò nídìí tòmátì! Ọ̀rọ̀tán o!" Raoudath á sì máa rẹ́rìn-ín nídìí ààrò.

Imorou mú ajá náà dání lọ sí Tchaourou ní ọjọ́ ọjà kan. Nígbà tí wọ́n dé ìyànà, Imorou yà sí ọ̀nà tó máa ń gbà. Ọ̀rọ̀tán kò tẹ̀ lé e. Ó ti gba ọ̀nà ojú irin, níwájú ilé mùsé, ó sì jókòó síbẹ̀. Imorou pè é, kò dìde. Mùsé wà lórí àga níta, ogbó ti dé sí i, ó ń wo ajá.

Imorou dúró sí ìyànà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ mú ajá rẹ̀.

"Ẹ kú ọjà, mùsé," ó wí.